Mo Jókòó sí Iwájú Ọkọ̀

                                        Ilé Alájà Méjì Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé,
                                        Òpópónà Etí Omi.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹjọ.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Kí n tó kí yín rárá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ọkàn mi lè balẹ̀: mo jókòó sí iwájú ọkọ̀. Àga yín, ẹ̀gbọ́n mi, èyí tí ẹ ní kí ẹnikẹ́ni má fìdí kàn títí ẹ óò fi padà, èmi ni mo fìdí kàn án. Kì í ṣe ìdánrawò lásán o, ìdíje àgbáyé gan-an ni, lójú èrò, lójú kámẹ́rà, lójú ọkọ mi àti ọmọ mi. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ìyẹn ni mo ṣe ní kí n kọ́kọ́ sọ èyí. Tí inú bá ń bí yín báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé lẹ́tà yìí kalẹ̀, kí ẹ mu omi tútù, kí ẹ tó gbé e padà. Ọ̀rọ̀ ṣì pọ̀ níbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló sì dùn.

Ó yá, mo kí yín. Ẹ kú ìjókòó ilé, ẹ kú ìfaradà, ẹ kú apá tó ń dùn yín. Ṣé èjìká yín ti ń gbọ́ràn? Ṣé dókítà ti ní kí ẹ tú aṣọ tí wọ́n fi gbé apá kọ́ yín lọ́rùn? Bàbá àwọn ìbejì ńkọ́? Àwọn ìbejì fúnra wọn ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹ́ kí ẹ sinmi, àbí orí apá tó ń dùn yín náà ni wọ́n ń gùn? Ṣé ara Màmá Àgbà le, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́? Àwa níbí, a dúpẹ́. Ọ̀gá-Kékeré ti yọ eyín méjì, ara mi ló sì fi ń dán wọn wò nígbà tí mo bá ń fún un lọ́mú.

Mo mọ̀ pé ẹ ti pè mí lórí fóònù léraléra. Kò ṣàdédé jẹ́ pé ọmọ lẹ ń bá sọ̀rọ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá rí orúkọ yín lójú fóònù, n óò gbé e sí etí ọmọ kí ẹ lè máa gbọ́ gbà-gbà-gbà. Mo mọ̀ pé tí mo bá gbọ́ ohùn yín, ẹkún ni n óò fi dáhùn, tàbí ẹ̀rín. Èmi gan-an ò mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ jáde. Ìwé ló sàn fún mi. Ìwé ò lè pariwo mọ́ mi.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ẹ rántí pé lẹ́yìn tí ẹ ṣubú lórí àga níbi tí ẹ ti ń so kọ́tìnì (mi ò ní rẹ́rìn-ín mọ́, mo ti ṣèlérí, ẹni tí omi ò dá rí, kọ́tìnì ló wá dá a), ẹ ní kí a fi ọkọ̀ ẹlẹ́ni méjì sílẹ̀ lọ́dún yìí, kí n lọ wa ọkọ̀ ẹlẹ́nìkan tèmi, kí n sì padà wálé ní àlàáfíà. Mo ní ó dáa. Tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́. Inú mi tilẹ̀ dùn sí i, torí ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú kì í wá ìyọnu kún ìyọnu.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ kóòṣì wa, Ìyá Súfèé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a dé ibi ìdíje ló ní kí èmi àti ọmọbìnrin tuntun tí wọ́n ń pè ní Ìjì jọ wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ni méjì, pé kí a kàn fi nara. Láti ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n ti mú Ìjì wá. Ó ń fi àjẹ̀ gbá omi bí ẹni pé omi bú ìyá rẹ̀. Agbára wà, ṣùgbọ́n kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ darí ọkọ̀, ẹ̀yìn nìkan ló lè jókòó sí. Ìyá Súfèé bá nawọ́ sí iwájú, ó ní, "Màmá Ọ̀gá, wọlé."

Mo ní mi ò jókòó síwájú rí, pé ẹ̀yìn ni ipò mi látìgbà tí mo ti mọ omi, pé iwájú ní ẹni tó ni ín. Ó ní, "Ọmọ tó wà lọ́wọ́ ọkọ rẹ yẹn, nígbà tí ò ń bí i, ta ló jókòó síwájú rẹ?"

Àwọn tó wà létí omi bú sẹ́rìn-ín. Mo wọlé.

Bí fífi nara ṣe di ìdíje nìyẹn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, Ìyá Súfèé ti fi orúkọ wa sílẹ̀ fún ti ẹlẹ́ni méjì dípò ti ẹlẹ́nìkan tèmi. Ó yẹ kí n kọ̀. Mo fẹ́ kọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, kí n má purọ́ fún yín, mi ò fẹ́ kọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Kí n tó dé orí omi, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọkọ mi. Ẹ mọ̀ pé ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tó ti ń gẹrun kó lè wá tọ́jú ọmọ. Mo rò pé ọmọ á dá a lágara ni. Kò ju ọjọ́ kejì lọ, ó ti gbé àga kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ibùwọ̀ wa, ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ó ń gẹrun fún àwọn eléré orílẹ̀-èdè gbogbo. Kò gbọ́ èdè ẹnikẹ́ni, kò sẹ́ni tó gbọ́ tirẹ̀, ìka ni wọ́n fi ń júwe. Wọ́n tò lọ títí dé ẹnu ilé ìwẹ̀, bí ẹni tó ń dúró de dókítà. Obìnrin kan wà láàárín wọn, apá rẹ̀ tó itan mi, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ ló gbégbá orókè lọ́dún tó kọjá. A sọ ọ́ ní Ìrókò. Ìrókò jókòó, ó tọ́ka sí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, ọkọ mi gé e mọ́lẹ̀ jọ̀lọ̀. Níbi tó ti ń gé e, Ọ̀gá-Kékeré na ọwọ́ láti ẹ̀yìn bàbá rẹ̀, ó di etí Ìrókò mú, ó kọ̀, kò fi sílẹ̀. Mo ní kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Ìrókò bú sẹ́rìn-ín débi pé àga mì. Látọjọ́ yẹn, tó bá ti rí wa nílé ìjẹun, á di etí ara rẹ̀ mú, ìyẹn ni pé ó ń kí wa.

Ó wá kan ìpele àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò sọ fún mi rí pé iwájú ọkọ̀ ò ní nǹkan kan níwájú. Látọdún tí a ti jọ ń tukọ̀, ẹ̀yìn ọrùn yín ni mo ń wò. Tí ẹ bá fì sọ́tùn-ún, mo fì sọ́tùn-ún. Tí àjẹ̀ yín bá wọ omi, tèmi náà wọ̀ ọ́. Mi ò tíì fi ojú mi rí ìlà ìparí rí. Ohùn yín ló máa ń sọ fún mi pé a ti dé. Lọ́jọ́ yìí mo gbójú sókè, omi gbalaja ló wà níbẹ̀, ó tẹ́ lọ rẹrẹ, pẹ̀lú àwọn bọ́ọ̀lù pupa tí wọ́n tò sójú rẹ̀ láti fi ya ọ̀nà ọkọ̀ kan sọ́tọ̀ sí ti èkejì. Ẹ̀rù bà mí bí ẹni tí wọ́n ní kó dìde wá gbàdúrà láàárín àwùjọ láìròtẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ náà ò sì gbà fún ẹlẹ́rù, ẹ mọ bó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Ìró ìbẹ̀rẹ̀ dún, a gbéra. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe ohun tí ẹni ẹ̀yìn nìkan lè ṣe. Níwọ̀n bí kò ti sí ọrùn níwájú mi, ojú mi wá ọrùn lọ. Ó rí ti Ìrókò lọ́nà ẹ̀gbẹ́ wa, èyí tí ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gé mọ́lẹ̀, tó ń dán nínú oòrùn. Mo bá ń tẹ̀lé e. Ó gbá omi, mo gbá omi. Ó yára, mo yára. Bí ọmọ adìẹ ṣe ń tọ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ni mo ṣe ń tọ̀ ọ́, Ìjì náà sì ń tọ̀ mí, àwa àti Ìrókò jọ ń lọ bí ẹni tí wọ́n so pọ̀. Inú mi ń dùn. Mo ní, àṣé iwájú ò le.

Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn Ìjì lẹ́yìn mi: "Màmá Ọ̀gá, ọ̀nà wa kọ́ nìyí o."

Mo wo ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ mi tó wà lórí igi ìdarí ti ń bá ojú mi lọ. Ibi tí ojú mi kọ sí ni ẹsẹ̀ mi ń darí ọkọ̀ sí. Àjẹ̀ mi ti ń gbá bọ́ọ̀lù pupa. Mo fi ẹsẹ̀ ti igi náà padà, ọkọ̀ fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ dojú dé, ó tún rò ó, ó dúró. A dé. Ipò kejì la ṣe, ẹ̀yìn Ìrókò gan-an, èyí tó tó láti gbé wa dé àṣekágbá. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe bojú wẹ̀yìn, rẹfirí tó ń tẹ̀lé wa nínú ọkọ̀ rẹ̀ ti gbé àsíá pupa sókè.

Wọ́n ní a sún mọ́ ọkọ̀ ẹlòmíràn jù, pé ẹni tó bá ń gun ìgbì tí ọkọ̀ ẹlòmíràn dá, ìrẹ́jẹ ló ń ṣe. Wọ́n fẹ́ yọ wá. Ìyá Súfèé wọlé tọ̀ wọ́n, àwa dúró síta. Omi odò ń kán lára wa, omi ọyàn ń kún un lára tèmi, torí Ọ̀gá-Kékeré ń ké níbì kan tí mi ò ti rí i. Ohun tí mò ń rò ni pé ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má jókòó síbẹ̀, mo jókòó, wọ́n á sì wá lé mi níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Ìrókò ló gbà wá sílẹ̀. Wọ́n pè é, wọ́n bi í bóyá a dí i lọ́wọ́. Ìyá Súfèé ní ó mirí, ó ní rárá, ó wá di etí ara rẹ̀ mú. Kò sí rẹfirí kankan tó mọ ìtumọ̀ ìyẹn. Wọ́n kìlọ̀ fún wa, wọ́n ní kí a máa lọ.

Ìyá Súfèé ò bú mi. Ì bá sàn ká ní ó bú mi. Ó kàn ní, "Etí bèbè lọ̀nà yín máa wà nínú àṣekágbá. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ ó sì fi í sílẹ̀. Ta lo wá fẹ́ tẹ̀lé?"

Nígbà tí a padà dé yàrá, mo sọ fún ọkọ mi pé n óò sọ fún wọn pé inú ń run mí. Ó ń pààrọ̀ ìlédìí ọmọ lọ́wọ́. Ó ní, "Ṣé inú ń run ọ́?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ó dáa, wá bá mi di ẹsẹ̀ ọmọ mú." Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ àṣekágbá, mo fún ọmọ lọ́mú létí omi títí wọ́n fi pè wá. Mo bi ọkọ mi bóyá ó mú fìlà ọmọ, ó ní òun mú un. Mo bi í bóyá ó mú aṣọ mìíràn, ó ní òun mú un. Mo ní ṣé ó dá a lójú pé ọmọ ń mí dáadáa. Ó ní ọmọ tó ń pariwo tó báyìí, bí kò bá mí, kí ló fi ń pa ariwo náà. Mo wọ ọkọ̀.

Ìjì ló sọ ọ̀rọ̀ tó tún mi ṣe. A ti to ọkọ̀ síbi ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́, ojú mi tún ti ń wá ọrùn kiri. Ó rọra sọ lẹ́yìn mi pé, "Màmá Ọ̀gá, ẹ má wá ọrùn kankan o. Tiyín ni mò ń wò."

Ẹ̀gbọ́n mi, kò tíì sọ sí mi lọ́kàn rí pé mo ní ọrùn.

Ìró dún. Mo gbá omi bó ṣe tọ́ lójú ara mi, mo sì gbọ́ tí àjẹ̀ Ìjì wọ omi lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú tèmi. Mo yára, ó yára. Mo tún fi kún un, bí ẹni tó ń dán nǹkan wò, òun náà fi kún un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí lẹ́rìn-ín. Mò ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n mi, nínú àṣekágbá ìdíje àgbáyé, omi ń wọ̀ mí lẹ́nu. Ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ wa lọ sẹ́yìn. Òmíràn lọ. Nígbà tí a dé ìdajì ọ̀nà, apá mi ń ta bí ẹni tó fi ata pa á. Mo ní kí n dín in kù díẹ̀, mo wá rántí pé tí mo bá dín in kù, ẹni tó wà lẹ́yìn mi á dín in kù, kò sì ní mọ ìdí. Mi ò dín in kù. Iwájú, iwájú lọ̀pá ẹ̀bìtì ń ré sí. Ìlà ìparí ń bọ̀, mo sì fi ojú ara mi rí i. Àsíá méjì ni, àti ilé onígi gíga kan tí àwọn adájọ́ jókòó sí. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti rò pé ó máa tóbi ju báyẹn lọ.

Bí imú ọkọ̀ wa ṣe kọjá níbẹ̀, mo ṣe ohun tí ẹ̀yin ò lè ṣe láé: mo ju ọwọ́ méjèèjì sókè tàjẹ̀tàjẹ̀. Ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ò mọ ayọ̀. Ó dojú dé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, èmi àti Ìjì bọ́ sómi gbàmù lójú gbogbo ayé. Nígbà tí mo yọrí, Ìjì ti ń bú mi pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ tó yẹ àgbà. Ó ní, "Màmá Ọ̀gá, ẹ ò dáa, ẹ fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ, ẹ̀yin àgbàlagbà yìí." Inú omi la wà tí a ń wo pátákó èsì, a rọ̀ mọ́ ọkọ̀ bí aláǹgbá tó rọ̀ mọ́ ògiri. Ìrókò ló ṣe ipò kìíní, ìyẹn ò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ipò kejì jáde. Ipò kẹta ò jáde. Wọ́n ní ọkọ̀ méjì jọ dé ni, wọ́n ń wo àwòrán. Ìjì dákẹ́ èébú. Mo ń bẹ Ọlọ́run, mo ní kó má wo ti ìwà mi. Nígbà tí orúkọ wa yọ, a tún rì, torí àwa méjèèjì la jọ fi ọkọ̀ sílẹ̀ láti dì mọ́ra.

Ipò kẹta lágbàáyé, ẹ̀gbọ́n mi. Àmì-ẹ̀yẹ idẹ. Bí aṣọ mi ṣe rin gbingbin lórí pèpéle yẹn, ẹ má bi mí èyí tó jẹ́ omi odò àti èyí tó jẹ́ omi ọyàn. Ọkọ mi ń sunkún gbangba, ó tún ń fi fìlà ọmọ nu ojú. Ọ̀gá-Kékeré sùn, kò rí nǹkan kan. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ parí ló jí, ó gbé idẹ náà sẹ́nu, àpá eyín ti wà lára rẹ̀ báyìí. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nù ún.

Ká ní ọmọ dáadáa ni mí, ibí yìí ló yẹ kí lẹ́tà yìí parí sí. Ṣùgbọ́n Ìyá Súfèé ti pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní kí ọdún tuntun tó dé, èjìká yín á ti san, ẹ ó padà sórí omi, inú gbogbo wa sì dùn sí i. Ó ní Ìjì ń lọ sínú ọkọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́rin, pé èmi àti ẹ̀yin la tún jọ máa tukọ̀. Ó ní kí n bi yín, ta ni yóò jókòó síwájú, pé òun ò ní dá sí ọ̀rọ̀ ọmọ ìyá.

Mo mọ ìdáhùn tó yẹ. Ẹ̀yin lẹ mú mi wọ omi. Nígbà tí mo lóyún, tí gbogbo wọn ní ó ti parí fún mi, ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n má fi ẹlòmíràn sí àga mi. Ẹ̀yin ni àgbà, àgbà ló sì ń síwájú. Bí a bá dé ẹnu ọ̀nà, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ń wọlé. Bí ẹ bá ní kí n padà sẹ́yìn, n óò padà, n óò sì tẹ̀lé yín tọkàntara, ẹ ò ní gbọ́ ìráhùn lẹ́nu mi. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mi ò fẹ́ padà. Mo fẹ́ iwájú. Mò ń bẹ̀ yín lórí ìkúnlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi: ṣé ẹ lè jókòó sẹ́yìn mi?

Mo kọ gbólóhùn yẹn, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Ẹ̀yìn ò burú, èmi ni mo mọ̀ ọ́n. Afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ sí yín lójú. Ẹni tó lágbára jù ni wọ́n ń fi síbẹ̀, gbogbo ayé sì mọ̀ pé ẹ lágbára jù mí lọ. Gbogbo àníyàn ọ̀nà, ẹni iwájú ló ni ín, ẹ sì mọ̀ pé tó bá di ti àníyàn, Ọlọ́run fún mi lẹ́bùn.

Ẹ bá mi kí Màmá Àgbà, ẹ ní mo ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún ọmọ. Ẹ kí bàbá àwọn ìbejì, ẹ sì fi ẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu fún mi. Ìjì kí yín, ó ní òun ń bẹ̀rù yín láìtíì rí yín. Ọkọ mi ní kí n sọ fún yín pé tó bá jẹ́ ìjà ni, òun ò sí níbẹ̀, irun lòun ń gẹ̀.

Ìyá Súfèé fẹ́ gbọ́ èsì kí oṣù yìí tó parí. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè kọ̀wé sí mi.

                                        Èmi ni, àbúrò yín tí kì í ṣe tẹlòmíràn,
                                        Màmá Ọ̀gá.